Ẹ Má Kó Gbogbo Owó Sójú Kan

 

Ẹ rántí oko kòkó àwọn baba wa. Ṣé kòkó nìkan ni wọ́n ń gbìn? Rárá o. Wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, wọ́n á gbin obì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ṣíji bo kòkó, á sì máa bọ́ ilé. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń retí kòkó! Wọ́n ní sùúrù.

Ní 2024, owó kòkó fò sókè kárí ayé. Ní 2025, ó já wálẹ̀. Ẹni tí kòkó nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù fún un?

Owó tiwa náà ńkọ́? Díẹ̀ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, fún owó iléèwé. Díẹ̀ sí bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ (FGN Savings Bond), tó ń san èlé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Díẹ̀ sí ṣíà ilé-iṣẹ́, fún ọjọ́ ogbó. Ẹ má sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ṣèlérí èlé ńlá lóṣù kan ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá fún un. MMM, ètò tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, dá sísan owó dúró ní December 2016, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò sì rí owó wọn gbà mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀ yìí, ẹ mú bírò. Owó wo ni tọdún yìí? Owó wo ni tọjọ́ ogbó?