Ohun Tí Àwa Ará Òkè Kọ́ Létí Odò Ìkálẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)



A ní kí a sọ bí àwa tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé kúrò ní Àkókó lọ sí Òkìtìpupa ṣe ń bá àwọn ará Ìkálẹ̀ gbé. Nínú gbogbo ohun tí a rí níbẹ̀, ẹja pípa ni a yàn, nítorí ó kọ́ wa bí ó ṣe yẹ kí àlejò máa lo ohun tí onílé fi lé e lọ́wọ́.

Gbogbo wa mọ̀ pé ilẹ̀ àpáta ni tiwa, ọ̀pọ̀ odò wa a sì máa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Láti ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìkálẹ̀ wà, ṣùgbọ́n omi wa kò dọ́gba. Odò Olúwa ń ṣàn lọ sí ìhà Ìlàjẹ, àbàtà àti ọ̀sà sì pọ̀ lọ́nà rẹ̀ sí òkun.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwa rò pé ìwọ̀, okùn àti ekòló ti tó. Àwọn onílé wa kọ́kọ́ kọ́ wa láti wo omi. Nígbà tí òjò bá mú kí odò kún wọ inú igbó, àrọ̀ a máa fi ibú sílẹ̀ lọ yé ẹyin síbi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, nítorí náà ó ń gbé inú ẹrẹ̀ níbi tí ẹja mìíràn kò lè gbé. Ìsàlẹ̀ omi ni a ń jẹ́ kí ìdẹ rẹ̀ dé, òru ni ó sì ń jẹun jù. Ní ti ẹpìyà, irú rẹ̀ kan wà tí ń fi ẹnu gbé ẹyin àti ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa á lásìkò náà pa ìyá tọmọ.

Wọ́n fi ìgẹ̀rẹ̀ hàn wá pẹ̀lú. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ há, ẹja tí ó bá wọlé kì í tètè rí ọ̀nà padà. Bí àlàfo ara rẹ̀ bá fẹ̀ díẹ̀, ọmọ ẹja a gba ibẹ̀ jáde. Sùúrù ni iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn kan kò ní sùúrù. Wọ́n ń da Gammalin 20, oògùn tí a ṣe fún kòkòrò orí kòkó, sínú odò. Ẹja ńlá àti ẹja kékeré a kú pọ̀, a ó sì kó wọn lọ sọ́jà. Odò kan náà ni àwọn ìyá ń pọn, òun kan náà ni ọmọ ń wẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ẹja omi inú ilẹ̀ ti ka májèlé lílò léèwọ̀. Ní 2009 sì ni Àdéhùn Stockholm fi lindane, májèlé inú oògùn náà, sínú àwọn tí a gbọ́dọ̀ pa rẹ́ lágbàáyé.

Onílé gbà wá, ó fún wa ní pupuru, ó fi ẹja sí i, ó sì fi ibi tí ẹja wà hàn wá. Bí a bá wá pa odò náà, kí ni a ó fi ojú wo ọmọ rẹ̀?

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Kí ẹ̀ka wa níbikíbi kọ́ ẹni tuntun láti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ó tó sọ ìwọ̀ sódò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó sí odò. Kí a má sì ra ẹja tí a bá mọ̀ pé májèlé ni a fi pa á, ìbáà ṣe ní Ìkálẹ̀, ìbáà ṣe nílé níbí, nítorí odò tiwa náà kò ju kí ìwọ̀nba májèlé pa á run.

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gbòòrò sí i.