Ẹ Má Bẹ̀rù Ìpè Kejì

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ ní ìjọ wa ti Vridi, ní Abidjan

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀ a máa pani.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni a ń wí. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 350,000 obìnrin ni ó pa káàkiri ayé, púpọ̀ jùlọ ní àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀. Kòkòrò tí a ń pè ní HPV ni ó ń fà á. Nípa ìbálòpọ̀ ni ó ń ran ni, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ní i rí láìmọ̀. Nítorí náà, kí ọkọ má ṣe fi í bú aya rẹ̀, kí aya má sì ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Nígbà púpọ̀, ara a máa lé e jáde láàárín ọdún kan tàbí méjì. Èyí tí ó bá jókòó síbẹ̀ ni ó ń ba ẹnu ilé ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn kan nínú wa ti lọ fún àyẹ̀wò, ìpè kejì sì dé pé kí wọ́n padà wá. A mọ òru tí ó ń tẹ̀lé irú ìpè bẹ́ẹ̀. A mọ bí ènìyàn ti ń pa á mọ́ fún ọkọ, tí ó ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé ó ti parí. Ẹ gbọ́: ìpè kejì kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Nígbà púpọ̀, ohun tí kò ì tíì di jẹjẹrẹ ni wọ́n rí.

Lẹ́yìn èyí ni ìpinnu. Dókítà lè ní kí a dúró, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Ìdúró yìí kì í ṣe ìgbàgbé, àyè ni ó fi sílẹ̀ fún ara láti wo ara rẹ̀ sàn. Ó sì lè fi òtútù tàbí ooru pa ibi tí ó bàjẹ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Tàbí kí ó fi wáyà tín-ín-rín tí iná wà lára rẹ̀ gé e kúrò. Ẹni tí ó ṣì fẹ́ bímọ, kí ó sọ ọ́, nítorí gígé lè mú kí oyún ọjọ́ iwájú wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Kí a béèrè: Kí ni ẹ rí? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró? Ìgbà wo ni kí a padà? Kí a sì mú ẹni tí ó gbọ́ Faransé dáadáa lọ́wọ́, nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” tí a sọ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìpinnu. Lẹ́yìn ìtọ́jú náà, kí a padà fún àyẹ̀wò ní oṣù kejìlá.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó gbàdúrà kò gbọdọ̀ lọ mọ́. Ẹ wo ọ̀nà omi Vridi tí ó wà nítòsí wa. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ òkun ńlá tí ó kọ atọ́nà ọkọ̀ nítorí pé ó ti gbàdúrà kí ó tó gbéra. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ọdún 12 ni, kò jókòó sílé. Ó la àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọdún 30. Ẹni tí ó ní kòkòrò HIV lára, ní ọdún 25. Ní ti àwọn ọmọbìnrin wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà: Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2019, Nàìjíríà ní 2023.

Láti òní lọ, kí arábìnrin kankan má ṣe dá lọ gba èsì mọ́. Ẹni tí ìpè kejì bá dé bá, kó wí fún wa: a ó bá a lọ, a ó bá a jókòó, a ó sì bá a padà. Kí Olúwa kí ó dá gbogbo wa sí. Àmín.