Ohun Tí Olùkọ́ Káràtè Ń Wò Kí Ó Tó Fún Ọmọ Ní Bẹ́líìtì
(Ọ̀rọ̀ tí alága bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, Alabar, Kumasi)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wa kan ń kọ́ káràtè ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò bẹ́líìtì kẹ́yìn, mẹ́ta nínú wọn kò yege. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìyá kan fi dé ìsọ̀ wa. Ó ní ọmọ òun lu ẹnìkejì rẹ̀ ṣubú níṣojú gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ ẹni tó ṣubú ni wọ́n fún ní bẹ́líìtì. Ó ní torí pé àlejò ni wá ni. Ká má purọ́, àwa náà gbà á gbọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti sọ ìtàn ọdún 1969 fún, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sí i. A tilẹ̀ di owó díẹ̀ sínú àpò ìwé, a mú un lọ bá olùkọ́.

Kò gbà á. Ó gbé àga fún wa, ó ní ká jókòó wo àwọn ọmọ.

Ibẹ̀ la ti rí i pé ojú ìjàkadì la fi ń wo káràtè. Nílé wa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, ọ̀rọ̀ parí. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní káta, tí ọmọ á máa bá ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ jà. Heian Shodan, tí àwọn ọmọlẹ́yìn Shotokan fi ń bẹ̀rẹ̀, ìṣísẹ̀ 21 ni, ibi tí ọmọ ti gbéra náà ló gbọ́dọ̀ parí sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn níhìn-ín tó kúrú lọ́hùn-ún, kò ní padà sójú àmì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì jẹ́rìí. Olùkọ́ ń wo orúnkún iwájú bóyá ó tẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn bóyá ó kanlẹ̀, ọwọ́ tí kò lu nǹkan bóyá ó padà sí ìbàdí. Bí ọmọ bá ṣì í, ṣé ó dúró tó ń wojú ìyá rẹ̀ ni, àbí ó ń bá a lọ?

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ìjà gan-an. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń lọ sójú gbọ́dọ̀ dúró kó tó kan ara. Ọmọ wa yìí kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí ẹnìkejì ṣubú, ó rẹ́rìn-ín, kò sì tẹríba fún un. A bi í léèrè, ó ní òótọ́ ni.

Àwọn kan lè sọ pé Chika Chukwumerije, ọmọ Nàìjíríà, lu ènìyàn kó tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú taekwondo ní Beijing ní 2008. Ìdíje nìyẹn, ìdánwò bẹ́líìtì sì yàtọ̀. Jigoro Kano, ará Jàpáànù tó dá júdò sílẹ̀ ní 1882, ló bẹ̀rẹ̀ ètò oyè yìí. Ní 1883 ó fi ọmọ méjì jẹ oyè àkọ́kọ́. Gichin Funakoshi mú un wọ káràtè ní 1924. Shodan ni wọ́n ń pe oyè bẹ́líìtì dúdú àkọ́kọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ibi tí àwa rò pé ẹ̀kọ́ parí sí ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀!

A ti dá owó yẹn padà sápò ẹgbẹ́, akápò wà níbí. Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Ẹ má bá wọn di bẹ́líìtì, olùkọ́ ń wo ìyẹn náà.

Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹnì kẹta ṣì jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀. A kò ní dárúkọ. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ káràtè rẹ̀ tí ẹ jù sílẹ̀ ní ìsọ̀ wa lọ́jọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. A ti fọ̀ ọ́. Ẹ rán an kó wá mú un.