Bí Ẹ̀mí Oníyípadà Ṣe Gùn Tó Nínú Èdè C

(Orin àmì ètò dún, ó sì lọ sílẹ̀ lábẹ́ ohùn)

OLÙSỌ̀TÀN: Nígbà tí Dennis Ritchie ń ṣe èdè C ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972, ó bá ọ̀rọ̀ kan nínú èdè B tí Ken Thompson ti ṣe ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà sì ni auto. Nínú B, auto ni wọ́n fi ń kéde oníyípadà tí ó wà nínú function. Oníyípadà ni orúkọ àyè kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tí a ń fi iye pamọ́ sí. Function sì ni àkójọ àṣẹ tí ó ní orúkọ tirẹ̀, tí a lè pè nígbàkígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ní C, irú iye tí oníyípadà yóò gbà ni a fi ń kéde rẹ̀, nítorí náà, bí a kọ auto, bí a kò kọ ọ́, auto náà ni oníyípadà inú function jẹ́, àfi bí a bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣáájú ìkéde rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo function kan tí ó kéde oníyípadà tí ń jẹ́ iye, tí ó fún un ní 0, tí ó fi 1 kún un, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí a bá pè é nígbà mẹ́ta, 1 ni yóò tẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ìpè kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba àyè tuntun, tí àyè náà sì ń lọ nígbà tí function bá parí. Bí a bá wá fi static ṣáájú ìkéde náà, 1, 2 àti 3 ni yóò tẹ̀ jáde, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni 0 yẹn wọlé, àyè náà sì wà títí ètò kọ̀ǹpútà náà yóò fi parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibòmíràn tí a ti lè dárúkọ rẹ̀. Ibi tí a ti lè dárúkọ oníyípadà yàtọ̀ sí bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe gùn tó, ohun méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń dàpọ̀.

Static tí a kò fún ní iye yóò bẹ̀rẹ̀ láti 0, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí ó wà nínú auto tí a kò fún ní nǹkan kan. Síbẹ̀, auto ni ó mú kí function lè pe ara rẹ̀ láìba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ìpè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àṣìṣe tí ó léwu jù ni kí function dá àdírẹ́sì àyè auto rẹ̀ padà fún ẹni tí ó pè é, nítorí pé àyè náà kò sí mọ́, ètò náà sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí kí ó dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún wà tí a lè fi ṣáájú ìkéde. Extern ń sọ pé ibòmíràn ni oníyípadà náà wà, ó sábà máa ń jẹ́ inú fáìlì mìíràn. Register ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an, ẹ̀bẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Láti ọdún 2011 ni auto ti gba iṣẹ́ mìíràn nínú èdè C++: ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó fúnra rẹ̀ mọ irú iye tí ó wà nínú oníyípadà. Ìlànà C23 sì ti mú irú iṣẹ́ yìí wọ C, nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé C àtijọ́ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.