Ẹni Tó Bá Béèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá, ẹ kú ewu omi, ẹ kú ìfaradà. Olúwa yóò dá ohun tó bómi lọ padà ní ìlọ́po.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ dé ibí, a lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí ẹ máa se omi kí ẹ tó mu ún. Èdè òyìnbó la fi kọ ọ́, a ò sì béèrè ta ló ní sítóòfù tàbí owó kẹrosíìnì. Nígbà tí ọmọ ìyá kan ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀kan nínú wa bá ìyá náà wí lójú gbogbo àwọn tó tò fún ìrẹsì. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá ti ń fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún wa. Ẹ̀bi wọn kọ́, ẹ̀bi wa ni.

Èkó ti kọ́gbọ́n yìí rí. Ní oṣù keje ọdún 2014, Ẹ̀bólà wọ ìlú yìí. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri lóru: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu ún. Ìfẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn nítorí iyọ̀ yẹn.

Kí ló ràn wá lọ́wọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, ní Èkó àti Pọ́tákọ̀. Nǹkan bí 900 ènìyàn tó ti súnmọ́ aláìsàn ni wọ́n ń bẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀, fún ọjọ́ 21. Yábàá níbí ni wọ́n ti tọ́jú àwọn aláìsàn Èkó. Ènìyàn 8 kú, ṣùgbọ́n ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Iyọ̀ kan náà ń gba ẹ̀mí là bí a bá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn omíyalé, onígbáméjì ló yẹ ká ṣọ́ra fún: ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, tó ń fa omi ara gbẹ kíákíá. Bó bá ṣẹlẹ̀:

• Ẹ mú omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá méjì ti 50cl.
• Ẹ fi ṣúgà sí i, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, ọ̀nà 6, kí orí rẹ̀ tẹ́jú.
• Ẹ fi iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí náà sí i. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ.
• Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ṣúgà ló ń ran ara lọ́wọ́ láti fa omi àti iyọ̀ náà wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa méjèèjì pọ̀.

Ìlérí wa nìyí. A ó máa fi Yorùbá tó yé yín sọ̀rọ̀, a ó sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn yín yóò wà láàárín àwa àti ẹ̀yin. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní kúrò nínú ìwé oúnjẹ nítorí pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹni tí kò ní ohun ìdáná, kó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá. A ó máa se omi láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìlera kan bá dé orí fóònù yín, ẹ bi wá kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí àwa náà bá sọ ohun tí kò yé yín, ẹ dá wa dúró. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọlọ́run yóò dá wa sí o.