Bí Ọkọ̀ Funfun Kò Bá Rì

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, ọdún 1120, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní White Ship rì ní Barfleur, ní Normandy. Ó gbé William lọ, àrẹ̀mọ Henry Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí. Stephen, ọmọ arábìnrin ọba, ti sọ̀ kalẹ̀. Òpìtàn Orderic ní ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru ń pa ènìyàn. Ti Stephen gbà á là ni!

Ká ní William yè, ta ni ì bá fi Stephen jọba ní 1135? Ṣùgbọ́n a ò di gbogbo ẹ̀bi ru omi. Àwọn ìjòyè ti búra fún Matilda, ọmọbìnrin ọba. Wọ́n yẹ àdéhùn, ogun abẹ́lé sì jà títí di 1153. Henry, ọmọ Matilda, ni wọ́n wá gbà ní 1154. Òun fúnra rẹ̀ kò dé adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi kú ní 1167.