ÀWÒRÁN TA NI? KÍ LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

  

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Mátíù orí 22, láti ẹsẹ 15. Ẹ mọ ìtàn náà. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó òde mú Jésù. Ó ní kí wọ́n mú owó náà wá, ó sì bi wọ́n pé àwòrán ta ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ti Késárì ni.

Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́ pe owó yẹn ní owó idẹ. Àmọ́ fàdákà ni o! Dẹ̀náríọ́sì ni orúkọ rẹ̀ ní Róòmù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ti Tiberiu ni, ẹni tó jọba láti ọdún 14 sí 37. Orí rẹ̀ wà lójú kan, wọ́n sì kọ ọ́ yí i ká pé ọmọ Augustu tó di ọlọ́run ni. Lójú kejì, wọ́n pè é ní olórí àlùfáà. Kò sí tẹlifíṣàn nígbà náà. Owó ló ń gbé ojú ọba dé ọjà tí ọba fúnra rẹ̀ kò dé.

Ẹ wá gbọ́ o. Owó àwọn ọmọ ogun ń pọ̀ sí i, fàdákà kò tó. Nínú ìwọ̀n fàdákà tí wọ́n ti ń rọ owó 84 tẹ́lẹ̀, Nero ní kí wọ́n rọ 96, ní ọdún 64. Ní ọdún 215, Caracalla gbé owó tuntun jáde, ó dé adé ìtànṣán oòrùn lórí rẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí ọdún 270, fàdákà inú owó aládé yẹn kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbà ni, wọ́n kàn fi fàdákà bò ó lójú. Adé ń tàn, fàdákà ń tán! Bí wọ́n ṣe ń ná an, ojú rẹ̀ ń ṣí, bàbà ń yọ. Ta ló jẹ gbèsè rẹ̀? Ẹni tó ṣiṣẹ́ tán, tí wọ́n ka ojú ọba sí lọ́wọ́.

Ará mi, Ọlọ́run dá wa ní àwòrán ara rẹ̀. Oyè ìjọ wà lórí wa, aṣọ funfun wà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n aya rẹ nílé, òṣìṣẹ́ tó o jẹ lówó oṣù, ṣé fàdákà ni wọ́n ń bá lọ́wọ́ rẹ, àbí bàbà? Lọ san owó oníṣẹ́ kó tó di ọ̀la.

Gbé ohùn rẹ sókè: Olúwa, má jẹ́ kí inú mi ṣófo lẹ́yìn àwòrán rẹ! Lórúkọ Jésù. Àmín.